Bí ẹ ṣe lè mọ̀ bóyá ọ̀kadà oníná ń dín èéfín kù ní àdúgbò yín

Ìtòkú ní Abẹ́òkúta ni mo ti ń ta àdìrẹ, ọmọ mi obìnrin sì ní ikọ́ fée. Láti ọdún 2023 tí ìjọba Ògùn ti mú ọ̀kadà oníná àti bọ́ọ̀sì onígáàsì wá ni mo ti ń ṣọ́ ọ lójú méjèèjì.

Ẹ nu tábìlì iwájú ṣọ́ọ̀bù yín mọ́ lọ́jọ́ Àìkú. Tó bá di Sátidé, ẹ fi aṣọ funfun tó tutù nù ún. Bó bá pọ́n, eruku ilẹ̀ ló pọ̀ jù níbẹ̀. Bó bá dúdú tó sì ń yọ̀ lọ́wọ́, èéfín ẹ́ńjìnì ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Tèmi dúdú débi pé ọṣẹ ò ká a. Ẹ tún un ṣe lóṣooṣù, kí ẹ fi wé ti oṣù tó kọjá.

Ẹ bi ọlọ́kadà oníná pé níbo ló ti ń gba iná sí bátìrì. Bó bá jẹ́ jẹnẹrétọ̀ ni, èéfín kàn kó lọ sẹ́yìnkùlé ẹlòmíì ni. Táyà àti bíréèkì rẹ̀ náà ṣì ń tú eruku.

Bọ́mọ yín náà bá ní ikọ́ fée, ẹ kọ iye ìgbà tó fa ìnhélà, ìyẹn oògùn ikọ́ fée tí wọ́n ń fà sínú, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ sínú ìwé, kí ẹ fi han dókítà. Ẹ má dá ìnhélà náà dúró fúnra yín o, kódà bí afẹ́fẹ́ bá ti dára sí i.