Bí ọ̀gá eré ìje oní-ìdènà bá di kóòṣì: àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀

Ẹ̀yin tí ẹ ti fo ìdènà débi pé ẹ gba góòlù, tí ẹ wá fẹ́ di kóòṣì, àṣìṣe kan wà tó ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ ju gbogbo ìyókù lọ: kí ẹ fi ara tiyín ṣe òṣùwọ̀n fún ọmọ tí ẹ ń kọ́.

Ẹ wo ìdènà àkọ́kọ́. Nínú eré 110 mítà àwọn ọkùnrin, mítà 13.72 ló wà láti ìlà ìbẹ̀rẹ̀ dé ìdí rẹ̀. Ìṣísẹ̀ mẹ́jọ ni ọ̀pọ̀ eléré ìje fi ń débẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní báyìí, méje ni ọ̀pọ̀ àwọn alágbára tó ga ń lò. Liu Xiang ọmọ Ṣáínà fi mẹ́jọ gba góòlù Òlíńpíìkì ní Athens lọ́dún 2004, ìgbà tó yá ló tó bọ́ sí méje. Kóòṣì tó jẹ́ pé méje lòun náà lò yóò ní kí gbogbo ọmọ lo méje. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Bí mẹ́jọ bá di méje, ẹsẹ̀ tó wà níwájú nígbà tí wọ́n kúnlẹ̀ gbọ́dọ̀ di ti ẹ̀yìn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹsẹ̀ tí kò mọ fífò ni yóò fi fò. Ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gùn yóò máa na ara kó lè débẹ̀, eré rẹ̀ á sì ti kú kó tó fò rárá.

Bákan náà ló rí lórí 400 mítà oní-ìdènà. Ìṣísẹ̀ 13 ni Edwin Moses ọmọ Amẹ́ríkà ń gbé láàárín ìdènà kan sí èkejì títí eré fi parí, ó sì borí nígbà 122 léraléra láàárín 1977 sí 1987. Ti Moses nìyẹn. Ọmọ tó ń gbé 15 láìṣe ṣégeṣège sàn lójú mi ju ẹni tó ń fipá gbé 13, tí agbára rẹ̀ tán ní ìdènà karùn-ún.

Ẹ má sì gbé ìdènà sókè dé ibi tí ẹ ti gba àmì ẹ̀yẹ. Sẹ̀ǹtímítà 106.7 ni ti àgbà ọkùnrin, 99.1 ni ti àwọn tí kò tíì pé ọmọ ogún ọdún, 91.4 sì ni ti àwọn tí kò tíì pé méjìdínlógún. Ọmọ tí igi ìdènà ti gbá lójúgun léraléra yóò bẹ̀rù, yóò sì máa fò sókè dípò kó máa sáré. Ẹ rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, ẹ sún wọn mọ́ra, kí ìṣísẹ̀ mẹ́ta àárín wọn kọ́kọ́ mọ́ ọn lára.

“Ṣe é bí mo ṣe ń ṣe é” kò kọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ ya fídíò. Ẹ ka àkókò láti ìgbà tí ẹsẹ̀ bá kanlẹ̀ lẹ́yìn ìdènà kan dé ìgbà tó tún kanlẹ̀ lẹ́yìn èyí tó tẹ̀lé e; bí ìṣẹ́jú àáyá kan ló máa ń jẹ́ fún àwọn ọ̀gá ọkùnrin lórí 110 mítà. Ibẹ̀ lẹ ó ti rí ìdènà tó ń jẹ eré ọmọ náà.

Lacena Golding-Clarke ọmọ Jamaica gba góòlù 100 mítà oní-ìdènà ní ìdíje Commonwealth ní Manchester lọ́dún 2002. Òun ló kọ́ Tobi Amusan, ọmọ wa, tó fi ìṣẹ́jú àáyá 12.12 sá 100 mítà oní-ìdènà ní Eugene, ní Amẹ́ríkà, lóṣù Keje 2022, àkókò tó yára jùlọ lágbàáyé. Golding-Clarke fúnra rẹ̀ kò sá irú eré bẹ́ẹ̀ rí. Joanna Hayes ọmọ Amẹ́ríkà náà gba góòlù Òlíńpíìkì 100 mítà oní-ìdènà obìnrin ní Athens lọ́dún 2004. Òun ló kọ́ Rai Benjamin, tó gba ti 400 mítà oní-ìdènà ọkùnrin ní Paris lọ́dún 2024. Ẹsẹ̀ Hayes kọ́ ni Benjamin fi sáré.

Ẹ má bá àwọn ọmọ díje níbi ìdánrawò. Ẹ má sì rò pé góòlù ti dípò ẹ̀kọ́: World Athletics, àjọ tó ń darí eré ìje lágbàáyé, ní ìpele-ìpele ẹ̀kọ́ àti ìwé ẹ̀rí fún kóòṣì. Ẹ forúkọ sílẹ̀ láti ìpele ìsàlẹ̀, kí ẹ sì tọ kóòṣì àgbà kan lọ, kí ẹ dúró tì í fún odindi sáà kan, kó tó di pé ẹ gba ọmọ tiyín.