18.2 ni mítà ń kà, síbẹ̀ omi wa ò mọ́

Ọjọ́ mọ́kànlá gbáko ni mo fi ń lé píìkì kan kiri lórí HPLC wa, ẹ̀rọ tó ń ya àwọn èròjà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Píìkì ni òkè tó máa ń yọ lórí àwòrán rẹ̀ bí èròjà kan bá ń jáde. Mo pààrọ̀ kọ́lọ́ọ̀mù, ìyẹn páìpù tí àwọn èròjà ti ń pínyà. Mo pààrọ̀ síìlì pọ́ǹpù. Mo da odidi ìgò acetonitrile, kẹ́míkà olómi tí ẹ̀rọ yìí ń lò pẹ̀lú omi, nù, bẹ́ẹ̀ kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Wọ́n tú ẹ̀rọ tó ń sẹ́ omi fún wa palẹ̀, wọ́n kó àwọn ohun tó wọ́n jù nínú rẹ̀ síta, wọ́n fi tuntun sí i. Píìkì yìí ò lọ. Àṣé omi ni, omi tí gbogbo wa gbà pé kò sí ohun tó mọ́ tó o ní láàbù.

Ohun tó ń bí mi nínú títí di òní ni pé láràárọ̀ ni mò ń wo ojú mítà ẹ̀rọ omi yẹn kí n tó bu omi. 18.2 ló ń kà. Kò yingin. Ẹni tó bá ń ṣe iṣẹ́ yìí mọ 18.2 MΩ·cm, ìyẹn ìwọ̀n bí omi ṣe ń dí iná mànàmáná lọ́nà tó, bí ẹní mowó: ní 25°C, ibẹ̀ ni omi mọ́ dé, kò tún lè mọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ti iyọ̀ àti áyọ́nù, àwọn èròjà tó ń gbé iná mànàmáná. Nítorí náà, nígbà tí wàhálà bẹ̀rẹ̀, omi ni mo kọ́kọ́ yọ kúrò lára àwọn tí mo fura sí.

Iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ò le. Oògùn kan ni mo fẹ́ yẹ̀ wò, kí n mọ iye ìdọ̀tí kéékèèké tó bá a rìn, àwọn tí kò tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún. Kọ́lọ́ọ̀mù C18 ni, ó gùn ní mìlímítà 150. Omi tí mo kán phosphoric acid sí wà ní ìgò A, acetonitrile wà ní ìgò B, ditẹ́kítọ̀ UV, ojú tí ẹ̀rọ fi ń rí ohun tó ń jáde, wà ní 210 nm. Gradient, ìyẹn bí acetonitrile ṣe ń pọ̀ sí i díẹ̀díẹ̀ nínú omi, gbéra ní 5% acetonitrile, ó dé 95% láàárín 20 ìṣẹ́jú, mílílítà 1 ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Mi ò ní sọ bí mo ṣe to ẹ̀rọ, ẹni tó ti fọwọ́ kan HPLC rí mọ̀ ọ́n.

Ní ìṣẹ́jú 14.6, píìkì kan yọ. Ní 17.1, èyí tó kéré sí i tún yọ. Mo gún omi lásán sínú ẹ̀rọ dípò oògùn, wọ́n yọ. Mo ní kí ẹ̀rọ sáré láìgún ohunkóhun rárá, wọ́n tún yọ síbẹ̀, ní ojú ibi tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀. Ó sì wá jẹ́ pé 14.6 gan-an ni ìdọ̀tí tí mò ń wá nínú oògùn yẹn máa ń bọ́ sí. Kò sí bí mo ṣe fẹ́ kọ iye kan sílẹ̀ fún un kí ọkàn mi balẹ̀.

Ọ̀gá wa wò ó lójú kọ̀ǹpútà, wọ́n ní, "Kọ́lọ́ọ̀mù yẹn ti gbó. Yọ ọ́ dànù." Mo ní, "Ẹ ṣeun, ọ̀gá," mo yọ ọ́, mo ṣí tuntun. Kọ́lọ́ọ̀mù tuntun náà mú píìkì kan náà jáde. Mo kọjú sí acetonitrile, mo ṣí ìgò mìíràn. Kò yàtọ̀. Mo pààrọ̀ síìlì, mo fi isopropanol fọ gbogbo ọ̀nà omi láti òpin dé òpin. Kò yàtọ̀. Mo tún mú omi náà, mo sẹ́ ẹ gba inú asẹ́ pẹlẹbẹ onímáíkírónì 0.45, nítorí mo rò pé bí mo bá sẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kan sí i, á tún mọ́ sí i. Ńṣe ni píìkì ga díẹ̀ sí i! Asẹ́ yẹn fúnra rẹ̀ ń fi tirẹ̀ kún omi. Mi ò tún dán irú ẹ̀ wò mọ́ láti ọjọ́ náà: omi tó bá ti inú ẹ̀rọ yẹn jáde ti gba asẹ́ onímáíkírónì 0.22 kọjá, ẹ má tún sẹ́ ẹ.

Ní ọjọ́ karùn-ún, mo fi ẹ̀rọ sílẹ̀, mo jókòó, mo ro ọ̀rọ̀ náà láti ìdí. Ara ìyẹ̀fun tó wà nínú kọ́lọ́ọ̀mù C18 dà bí ohun tí wọ́n fi ọ̀rá pa. Ohunkóhun tó bá fẹ́ràn ọ̀rá, bó bá bá omi gba ibẹ̀ kọjá, á lẹ̀ mọ́ orí kọ́lọ́ọ̀mù bí eruku ṣe ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́ elépo. Kí n tó gún sáńpù, ìṣẹ́jú 10 ni mo máa ń fi mú kọ́lọ́ọ̀mù padà sí ipò rẹ̀. Mílílítà 10 ti kọjá nìyẹn, omi sì ni 9.5 nínú rẹ̀. Sáńpù tí mo fẹ́ gún kò ju máíkírólítà 10 lọ. Omi tó gba inú kọ́lọ́ọ̀mù kọjá fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹgbẹ̀rún ìlọ́po ohun tí mo fẹ́ wò! Ìdọ̀tí tí kò tó nǹkan nínú lítà omi kan á máa kóra jọ síbẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí acetonitrile bá wá pọ̀ tó, gbogbo rẹ̀ á tú lẹ́ẹ̀kan náà, á yọ bíi píìkì gidi.

Bó bá rí bẹ́ẹ̀, bí mo bá jẹ́ kí omi kọjá pẹ́, píìkì gbọ́dọ̀ ga. Mo fún kọ́lọ́ọ̀mù ní ìṣẹ́jú 10 kí gradient tó bẹ̀rẹ̀: píìkì 14.6 ga tó 12 mAU, ìwọ̀n tí ditẹ́kítọ̀ fi ń ka gíga píìkì. Mo fún un ní 20: ó di 21. Mo fún un ní 40: ó di 39. Mo pariwo débi pé àwọn tó wà ní yàrá kejì yọjú. Ìdánwò yìí ò ná mi ju ọ̀sán kan lọ, òun ló sì tú àṣírí tí gbogbo ohun tí mo ti pààrọ̀ ò lè tú. Bó bá jẹ́ pé ara abẹ́rẹ́ tàbí sáńpù ni ìdọ̀tí ti ń wá, àsìkò tí omi fi ń kọjá ò ní kàn án. Láti ìgò A ló ti ń wá.

Kó lè dá mi lójú, mo tọrọ ìgò omi HPLC kan tí ẹnikẹ́ni ò tíì ṣí. Mi ò dà á sínú nǹkan mìíràn, inú ìgò náà gan-an ni mo ki ọ̀pá A bọ̀. Píìkì méjèèjì pòórá.

Ó yẹ kí n ti bọ́ níbẹ̀ yẹn. Ibẹ̀ ni wàhálà tó pọ̀ jù ti wá bẹ̀rẹ̀.

Mo lọ sọ pé ẹ̀rọ omi ti bàjẹ́. Ẹnjiníà tó ń bójú tó o dé ní ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, ó wo mítà, ó rí 18.2, ó wo TOC, ìyẹn ìwọ̀n carbon tó wà nínú àwọn èròjà bí ọ̀rá, ọṣẹ àti egbin kòkòrò àìfojúrí, ó rí 3 ppb, ìyẹn ìdá mẹ́ta nínú bílíọ̀nù kan. Ó ní omi yìí dáa. Mo fi àwòrán inú kọ̀ǹpútà hàn án. Lójú ẹsẹ̀, ó ní a jẹ́ pé àsìkò ti tó láti pààrọ̀ káàtíríìjì tó ń sẹ́ omi àti gílóòbù UV. Gílóòbù yẹn ló ń tan ìmọ́lẹ̀ 185 nm tó ń fọ́ àwọn èròjà carbon sí wẹ́wẹ́, nítorí náà ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọ̀ mí létí. Àmọ́ mítà TOC ń kà 3! Bí gílóòbù bá ti kú, báwo ló ṣe máa kà 3? Ìbéèrè yẹn wá sọ́kàn mi, mi ò bi í. Ìyẹn ni mo kábàámọ̀ jù nínú gbogbo rẹ̀. Iye tí wọ́n gbà lórí àwọn ohun tí wọ́n pààrọ̀ ju ti kọ́lọ́ọ̀mù tuntun méjì lọ, a sì dúró títí di ọjọ́ kẹsàn-án kí wọ́n tó parí ẹ̀.

Láàárín ìgbà yẹn, ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa mú mítà ọwọ́, ó tì í bọ omi tó wà nínú bíkà, kò ka 2 pàápàá. Gbogbo ilé dàrú, wọ́n ní ẹ̀rọ ń purọ́. Kò purọ́. Omi tó mọ́ tó bẹ́ẹ̀, bó bá ti kan afẹ́fẹ́, CO2 á bẹ̀rẹ̀ sí í wọ inú rẹ̀, mítà á sì já wálẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè fi bíkà wọn 18.2.

Wọ́n parí, mo bu omi, mo sáré ẹ̀rọ. Ní 14.6: 11 mAU.

Inú bí mi débi pé mo pa kọ̀ǹpútà, mo jáde. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹwàá, mo dúró níwájú ẹ̀rọ omi, mo ń wò ó bí ẹni ń ṣọ́ olè. Mo tẹ̀ ẹ́ kó máa dà. Mo ń wo omi bó ṣe ń jáde lẹ́nu ẹ̀rọ, bó ṣe wọ inú rọ́bà, bó ṣe ń gba inú rọ́bà lọ sínú ìgò...

Rọ́bà!

Ẹnìkan ti fi rọ́bà funfun kan, tó gùn tó apá, sí ẹnu ẹ̀rọ náà kí omi lè dé inú síńkì láìgbé ìgò ńlá sókè. Ó ti pẹ́ níbẹ̀ débi pé ojú wa ò rí i mọ́. Mítà tó ń ka 18.2 wà nínú ẹ̀rọ. TOC wà nínú ẹ̀rọ. Rọ́bà wà lẹ́yìn àwọn méjèèjì. Omi tí mítà ń wọ̀n kọ́ ni mo ń lò.

Mo já a kúrò, mo fi bíléèdì là á sí méjì. Mo fi ìka ra inú rẹ̀: ó ń yọ̀ bí ilá. Ìdọ̀tí kòkòrò àìfojúrí ti tẹ́ síbẹ̀ pẹrẹsẹ, torí pé omi tí ò ní nǹkan kan nínú ń sùn sínú rẹ̀ lálaalẹ́, ó sì ń fa ohun tí wọ́n fi mú rọ́bà rọ̀ jáde pẹ̀lú. Omi tó mọ́ jù ló ń yára gba ìdọ̀tí jù.

Mo jẹ́ kí lítà méjì dà nù láti ẹnu ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Mo fi lára omi tuntun ṣan ìgò onígíláàsì lẹ́ẹ̀mẹta, mo bu, mo sáré ẹ̀rọ. Ní 14.6, ìlà náà tẹ́jú. Kó má di pé mo tún ń tan ara mi jẹ, mo gé rọ́bà yẹn ní ìwọ̀n ìka kan, mo jù ú sínú ìgò omi mímọ́, mo fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Mo sáré omi ìgò yẹn: píìkì 14.6 padà, ó ga tó 60. Àwòrán méjèèjì ṣì wà lára ògiri láàbù wa.

Píìkì 17.1 ò bá rọ́bà lọ. Òun gba ọjọ́ kan sí i, parafilm, ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ń nà, tí mo máa ń fi bo ẹnu ìgò A ni. Mo fi ọmọrí ìgò gan-an dí i, ó tán.

Bó bá jẹ́ pé mo mọ̀, ìdánwò ìṣẹ́jú 10, 20, 40 yẹn ni ǹ bá kọ́kọ́ ṣe, kí n tó fọwọ́ kan kọ́lọ́ọ̀mù. Bí píìkì bá sì ń ga, ǹ bá tẹ̀lé omi láti ẹnu ẹ̀rọ dé inú pọ́ǹpù, kí n máa ka gbogbo ohun tó fara kàn án lọ́kọ̀ọ̀kan, kí n tó pe ẹnikẹ́ni wá. Ní báyìí, láràárọ̀ ni mo ń bu omi tuntun, mi ò fi ọ̀kan sílẹ̀ sun, mi ò sì jẹ́ kí ọṣẹ kan ìgò A.

Kọ́lọ́ọ̀mù tí wọ́n ní ó ti gbó, mo tún dá a padà sórí ẹ̀rọ. Píìkì rẹ̀ mú ṣáṣá, bíi ti ọjọ́ tí mo ṣí i. Òmíràn tí mo bẹ̀rẹ̀ fún ní ọjọ́ kẹta, nígbà tí ọkàn mi ò balẹ̀, dé lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ ti parí. Wọn ò gbà á padà. Ó wà nínú dúrọ́ọ̀ mi pẹ̀lú páálí rẹ̀.