Bí ẹ ṣe máa lé ọtí kúrò ní gáréèjì yín

Èmi ni mo ń kọ tọ́ọ̀nù mọ́tò ní gáréèjì kan n'Íbàdàn, ti àwọn tó ń ná Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ìlọrin. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí dẹ́rẹ́bà yé mutí wakọ̀, ẹ má bẹ̀rẹ̀ látorí ìwàásù. Ìdí tábìlì ìyá onípàrágà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ.

Dẹ́rẹ́bà wa kì í lọ jókòó sílé ọtí láàárọ̀. Ibi tó ti ń retí kí èrò kún, ó fi eyín já ọ̀rá ọtí kan, ó fà á mu, ó sọ ọ̀rá nù. Ó tán. Owó ẹ̀ ò tó nǹkan, àpò ṣòkòtò gbà á. Ìdí nìyẹn tí NAFDAC àtàwọn oníléeṣẹ́ ọtí fi fọwọ́ síwèé ní 2018 pé tó bá di ìparí oṣù kìíní 2024, ọtí inú ọ̀rá àti inú ike kéékèèké gbọ́dọ̀ kásẹ̀ ńlẹ̀. Ọjọ́ pé, àwọn oníléeṣẹ́ fárígá, ìjọba tún sún un síwájú. Ẹ má dúró de Àbújá.

Ẹ má fipá lé ìyá náà o. Tẹ́ ẹ bá lé e, ẹ̀yìn ògiri ló máa lọ, abẹ́ ìró ni yóò ti máa tà á. Nígbà tí mo bá tiwa sọ̀rọ̀, ó ní, "Ṣé ìwọ ló máa bá mi san owó iléèwé ni?" Mo ní, "Ẹ má bínú, Màmá." Alága gáréèjì fún un láyè lábẹ́ àtíbàbà táwọn èrò ń jókòó sí, kó máa ta ẹ̀kọ àti àkàrà. Èrò ń rà á ju dẹ́rẹ́bà lọ.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ àyẹ̀wò. Òfin wa ní ọtí inú ẹ̀jẹ̀ ò gbọdọ̀ ju gíráàmù 0.5 nínú lítà kan. Scotland náà sọ tiwọn di iye yìí ní oṣù Kejìlá 2014; àwọn tó ṣèwádìí rí i pé ìjàǹbá ò tìtorí ẹ̀ dínkù, ó jọ pé torí pé àyẹ̀wò ò pọ̀ sí i ni. Ní New South Wales ní Ọsirélíà, láti oṣù Kejìlá 1982, ọlọ́pàá lè dá ẹnikẹ́ni dúró kó fẹ́ atẹ́gùn sẹ́rọ tó ń wọn ọtí, ì báà fura sí i, ì báà má fura. Ikú ojú títì já wálẹ̀ gidi. Nítorí náà, ẹ pe àwọn FRSC tó sún mọ́ yín, kí wọ́n máa gbé ẹ̀rọ wá láìdá ọjọ́, kó sì kan gbogbo èèyàn, títí kan mọ́tò alága.

Níbi tí kò bá ti sí ẹ̀rọ, ẹ bá dẹ́rẹ́bà sọ̀rọ̀ lójúkojú kó tó kó èrò. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé òórùn ẹnu nìkan, súìtì mínǹtì ń bò ó. Kọfí àti omi tútù ò lè lé ọtí kúrò lára. Àfi kó sinmi fún ọ̀pọ̀ wákàtí.

Ẹ má gba fáìnì lọ́wọ́ ẹni tó bá mu. Owó yẹn á di owó ẹran àwọn agbèrò, mọ́tò á sì lọ. Tọ́ọ̀nù ẹ̀ lọ́jọ́ náà ni kẹ́ ẹ gbà, kẹ́lòmíì kó èrò. Ọkọ̀ àkọ́kọ́ ìdájí ni kẹ́ ẹ sì ti bẹ̀rẹ̀, torí ẹni tó mu mọ́jú, ọtí àná ṣì wà lára ẹ̀.