Ẹ má fẹnu lásán gbaṣẹ́, ẹ má sì fẹnu lásán gbààyàn síṣẹ́: àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀

"Ẹ wá bẹ̀rẹ̀ ná, lẹ́tà ń bọ̀ lẹ́yìn." Àìmọye èèyàn lọ̀rọ̀ yìí ti mú ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́ta mẹ́rin láì ní bébà kan ṣoṣo lọ́wọ́. Àṣìṣe àkọ́kọ́ nìyẹn, òun ló sì bí èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó kù. Òfin iṣẹ́ wa ní Nàìjíríà, Labour Act, sọ pé kí oṣù 3 tó pé tí òṣìṣẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ ti fún un ní ìwé tó sọ irú iṣẹ́ tó máa ṣe, iye owó tí wọ́n á máa san àti ìgbà tí wọ́n á máa san án, wákàtí iṣẹ́, ìsinmi, àti iye ọjọ́ tí ẹnì kan gbọ́dọ̀ fi sọ fún ẹnì kejì kí wọ́n tó pínyà. Ọ̀gá tó bá fún yín ò ṣe yín lóore o, ẹ̀tọ́ yín ni. Àwọn ọ̀gá kan á ní "ẹbí kan ni gbogbo wa níbí", ọ̀rọ̀ tó dùn létí ni, ṣùgbọ́n ẹ bi àwọn tó ti bá ẹbí wọn pín ilé bàbá wọn léèrè bóyá ẹbí ò nílò ìwé.

Ẹ̀yin ọ̀gá náà, ẹ má rò pé torí ẹ ò kọ nǹkan kan sílẹ̀ ẹ ti bọ́. Òfin yẹn ka àdéhùn ẹnu náà sí àdéhùn. Alert tí ẹ ń fi ránṣẹ́ lóṣooṣù, ID card tó gbé kọ́rùn, message WhatsApp tí ẹ ti ń bi í pé kí ló dé tó fi pẹ́, ẹ̀rí ni gbogbo ẹ̀. Tí ìjà bá wá dé, ẹ̀yin gan-an lẹ ò ní ríbi tọ́ka sí pé ohun báyìí la jọ sọ.

Ká tó kúrò níbẹ̀, ẹ má fi original sátífíkéètì yín sílẹ̀ lọ́dọ̀ ọ̀gá kankan. Àwọn iléèwé aládàáni kan fẹ́ràn èyí gan-an, kí tíṣà má baà sá láàárín táàmù. Ẹ fún wọn ní fọ́tókópì, kí wọ́n wo original níṣojú yín, kí ẹ gbà á padà lójú ẹsẹ̀.

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni ti owó tí wọ́n ń gé. Ẹ wo ọmọ tó ń gbowó ní súpámákẹ́ẹ̀tì tàbí tó ń ta epo nílé epo: ó dé ní 8:05, wọ́n gé ẹgbẹ̀rún kan, ó gbàgbé ID card sílé, wọ́n gé ẹgbẹ̀rún kan, owó kù nínú àpótí lọ́jọ́ tí èèyàn mẹ́ta jọ lò ó, wọ́n pín in lé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lórí, nígbà tí oṣù bá fi máa parí owó tó kù lọ́wọ́ ẹ̀ ò ní gbé e padà síbi iṣẹ́. Òfin ò gba owó ìtanràn láti inú owó oṣù òṣìṣẹ́ rárá, kódà kó jẹ́ pé ó fọwọ́ sí ìwé pé òun gbà. Tó bá jẹ́ pé òṣìṣẹ́ mọ̀ọ́mọ̀ ba nǹkan jẹ́, tàbí àìbìkítà ẹ̀ ló fa àdánù, ọ̀gá lè gé owó tó mọ níwọ̀n, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ iṣẹ́, àwọn tí wọ́n ń pè ní labour officer. Àpapọ̀ ohun tí wọ́n bá sì gé lóṣù kan ò gbọ́dọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta owó oṣù náà lọ. Ọ̀gá mélòó lẹ mọ̀ tó ti bèèrè irú àṣẹ yẹn rí?

Mo mọ ohun tí àwọn ọ̀gá máa sọ: kí la wá fẹ́ ṣe fún ẹni tó ń pẹ́ lójoojúmọ́? Ẹ fún un ní query, ìyẹn lẹ́tà tó ní kó ṣàlàyé ohun tó ṣe, tí ò bá jáwọ́ ẹ fún un ní lẹ́tà ìkìlọ̀, tí ò bá tún gbọ́ ẹ fún un ní nótíìsì kó máa lọ. Query tí ẹ kọ, tóun náà fèsì sí, á wúlò fún yín lọ́jọ́ ẹjọ́ ju ẹgbẹ̀rún kan tí ẹ gé lọ. Ìwọ òṣìṣẹ́ tó gba query tó sì ká a sápò torí inú ń bí ẹ, ìwọ náà ń ṣe ara ẹ ni. Fèsì, fi ohùn tútù kọ ọ́, sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, kí o sì tọ́jú ẹ̀dà kan.

Ọ̀rọ̀ ìpínyà wá kàn. Àwa òṣìṣẹ́ náà ò ṣe dáadáa níbí, ká sòótọ́. Alert wọlé lálẹ́ Friday, tó bá fi máa di Monday fóònù ti kú, kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù ṣì wà lápò. Nótíìsì tí òfin là kalẹ̀ kéré ju bí ẹ ṣe rò lọ: ọjọ́ 1 tí ẹ ò bá tíì lò ju oṣù 3 lọ, ọ̀sẹ̀ 1 tó bá ti ju oṣù 3 àmọ́ tí ò tíì pé ọdún 2, ọ̀sẹ̀ 2 láti ọdún 2 títí kó tó pé 5, oṣù 1 láti ọdún 5 lọ sókè. Tó bá ti tó ọ̀sẹ̀ kan, kíkọ ni ẹ gbọ́dọ̀ kọ ọ́. Tọ̀tún tòsì ló sì dè, ọ̀gá tó bá ní "má wá mọ́ lọ́la" gbọ́dọ̀ san owó ọjọ́ nótíìsì yẹn, kò sì láṣẹ láti di owó iṣẹ́ tí èèyàn ti ṣe mú. Tí lẹ́tà yín bá wá sọ pé nótíìsì gbọ́dọ̀ jùyẹn lọ, ti lẹ́tà lẹ máa tẹ̀ lé.

Àwọn mìíràn á pe òṣìṣẹ́ wọ ọ́fíìsì, wọ́n á ní kó jókòó kọ ọ́ pé òun ló fúnra òun fẹ́ máa lọ, "kó má baà ba orúkọ ẹ jẹ́". Ẹ má kọ ọ́ níbẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹ lọ rò ó, torí tí ẹ bá ti kọ ọ́ pé ẹ̀yin lẹ lọ, owó nótíìsì ti lọ nìyẹn.

Ẹ̀yin mánéjà àti professional, ẹ fetí sílẹ̀ o, òfin yìí ò ka ẹni tó wà nípò yín mọ́ àwọn tó ń dáàbò bò. Lẹ́tà yín àti handbook kọ́ńpìnì lẹ máa dì mú, nítorí náà ẹ kà wọ́n kí ẹ tó fọwọ́ sí i.

Ìsinmi: tí ẹ bá ti ṣiṣẹ́ oṣù 12, ó kéré tán ọjọ́ iṣẹ́ 6 ni líìfù tí wọ́n á sanwó fún. Ẹ má tà á, òfin ò gbà kí wọ́n fi owó rọ́pò líìfù fún ẹni tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Àìsàn náà ní ọjọ́ iṣẹ́ 12 tí wọ́n á sanwó fún lọ́dún, ṣùgbọ́n ìwé dókítà tó forúkọ sílẹ̀ ni wọ́n máa gbà, ìyá alágbo ò lè kọ ọ́ fún yín. Aboyún lẹ́tọ̀ọ́ sí ọ̀sẹ̀ 6 ṣáájú ìbímọ àti 6 lẹ́yìn ẹ̀, tó bá sì ti lo oṣù 6 níbi iṣẹ́, ó kéré tán ìdajì owó oṣù gbọ́dọ̀ máa wọlé. Fọ́ọ̀mù tí àwọn kan ń fún obìnrin pé kò gbọ́dọ̀ lóyún fún ọdún 2, ìwà burúkú gbáà ni.

Tí ẹ̀rọ bá gé ọwọ́ èèyàn ní ilé iṣẹ́ tí ọ̀gá sanwó kẹ́mísìtì tó ní kó lọ sinmi, ọ̀rọ̀ ò parí síbẹ̀. Òfin ọdún 2010 lórí ìpalára lẹ́nu iṣẹ́ ní kí agbanisíṣẹ́ máa san 1% owó oṣù gbogbo òṣìṣẹ́ fún NSITF, àjọ ìjọba tó ń bójú tó òṣìṣẹ́ tó fara pa, ibẹ̀ ni owó ìtọ́jú àti owó gbà-má-bínú ti ń wá. Òṣìṣẹ́ ní ọjọ́ 14 láti sọ fún ọ̀gá, ó ní ọdún 1 láti bèèrè owó. Ibi tó ti ń bàjẹ́ ni pé wọ́n á fi ẹnu sọ fún súpáfáísọ̀, súpáfáísọ̀ á sì ní òun ò gbọ́ nǹkan kan. Ẹ kọ ọ́, àní kó jẹ́ text.

Lórí pẹ́ńṣọ̀n, ẹ má máa wo payslip nìkan. Kọ́ńpìnì tó bá ní òṣìṣẹ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ gé 8% lọ́wọ́ yín kí wọ́n fi 10% tiwọn kún un, ó kéré tán, kó sì dé àkáǹtì pẹ́ńṣọ̀n yín láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 7 tí wọ́n bá sanwó oṣù. Ẹ gba statement lọ́wọ́ PFA yín, kọ́ńpìnì tó ń tọ́jú owó pẹ́ńṣọ̀n yín, kí ẹ fi wé payslip. Tí owó bá ti ń sọnù láàárín, PenCom, àjọ ìjọba tó ń ṣọ́ ọ̀rọ̀ pẹ́ńṣọ̀n, lẹ máa kọ̀wé sí.

Ọ̀kan tí àwa òṣìṣẹ́ máa ń ṣì: owó oṣù tó kéré jù, ₦70,000 tó di òfin lọ́dún 2024, ò de ibi iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ wọn ò pé 25. Ẹ ka orí yín kí ẹ tó pariwo.

Èyí tó gbẹ̀yìn, ẹ má gbé ọ̀rọ̀ owó oṣù lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, ì báà jẹ́ ọ̀gá ni yín tàbí òṣìṣẹ́. Òfin ọlọ́pàá ọdún 2020 sọ pé wọn ò gbọ́dọ̀ mú èèyàn torí pé ó kàn yẹ àdéhùn. Ọ́fíìsì ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ní ìpínlẹ̀ yín lẹ máa kọ́kọ́ lọ, tí ò bá yanjú níbẹ̀, National Industrial Court, ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ ọ̀rọ̀ iṣẹ́, wà. Ní Èkó, Citizens' Mediation Centre máa ń pe ọ̀gá àti òṣìṣẹ́ jókòó kí wọ́n bá wọn parí ẹ̀, wọn kì í sì í gba kọ́bọ̀.