Ta ló sọ fún Set pé ẹnì kan náà ni wọ́n? Àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ní Java

Bí Iléyá bá ti ń sún mọ́lé, tí ìmúra Ojúde Ọba ti bẹ̀rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde, iṣẹ́ kan náà ni àwọn ọ̀dọ́ tí mò ń kọ́ ní Java, èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, máa ń gbé wá: ẹ̀gbọ́n kan ní kí wọ́n bá òun kó orúkọ rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ òun sínú kọ̀ǹpútà, kí ẹnikẹ́ni má wọlé lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n á sáré mú HashSet, ọ̀kan lára irú àkójọ tí Java ń pè ní Set, torí wọ́n ti gbọ́ pé Set kì í gba ohun kan náà nígbà méjì. Òótọ́ ni, àmọ́ ẹ̀yin lẹ máa sọ ohun tí "ohun kan náà" jẹ́ fún un.

Bí ẹ bá kọ kíláàsì OmoEgbe (àwòṣe ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan) láìfi equals (tó ń sọ bóyá nǹkan méjì jẹ́ ọ̀kan náà) àti hashCode (tó ń fún nǹkan ní nọ́ńbà) sí i, object, ìyẹn ẹ̀dà tí ẹ dá nínú ètò, kan náà gan-an ni Java ń wá. Ẹ kọ Bọ̀dá Ṣẹ́gun sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, size(), tó ń ka iye wọn, á pè é ní 2. Àwọn kan á wá kọ equals nìkan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. hashCode ni HashSet fi ń mọ yàrá tí yóò wọ̀, kó tó fi equals yẹ àwọn tó bá níbẹ̀ wò. Bí hashCode bá darí wọn sí yàrá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, equals yín ò ní ríṣẹ́ ṣe.

Kí la wá fẹ́ fi mọ ènìyàn? Orúkọ ò tó. Adésànyà mélòó ló wà ládùúgbò kan! Ọ̀pọ̀ á lo nọ́ńbà fóònù, ibẹ̀ sì ni èyí tó ń dùn mí jù ti ń ṣẹlẹ̀. Ẹni náà pààrọ̀ láìnì, ẹ yí nọ́ńbà rẹ̀ padà nígbà tó ti wà nínú Set. Yàrá tí hashCode tuntun ń tọ́ka sí kọ́ ló wà, torí náà contains á ní òun ò rí i, remove ò ní lè yọ ọ́, bẹ́ẹ̀ tí ẹ bá tẹ orúkọ gbogbo wọn jáde, ẹ ó bá a níbẹ̀. Nọ́ńbà ẹgbẹ́ tí kì í yí padà ni kí ẹ lò, kí ẹ sì fi final dè é. Bí kò bá sí ọ̀nà míì, ẹ kọ́kọ́ yọ ọ́ kúrò, ẹ tún un ṣe, kí ẹ tó dá a padà.

Ẹ má yọ ènìyàn kúrò nínú Set náà nígbà tí for ṣì ń kà á lọ: àṣìṣe tó ń jẹ́ ConcurrentModificationException ló máa ń bí. Ẹ lo removeIf dípò rẹ̀; ó ti wà láti Java 8.

HashSet ò ṣèlérí pé òun á to orúkọ. LinkedHashSet á tẹ̀ lé bí wọ́n ṣe wọlé. TreeSet, tó ń to àwọn ènìyàn ní ìtẹ̀léra, ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Ọjọ́ orí àwọn ọmọ rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ kan ò jìnnà síra. Bí compareTo yín, tó ń sọ ẹni tó ṣíwájú, bá wo ọdún ìbí nìkan, gbogbo ẹni tí wọ́n bí ní 1975 di ẹnì kan ṣoṣo, torí ibi tí compareTo bá ti dá 0 padà (ìyẹn ni pé wọ́n dọ́gba), TreeSet ò wo equals mọ́. Ẹni àkọ́kọ́ á wọlé. Add á dá false padà fún àwọn tó kù, ètò náà á sì máa ṣiṣẹ́ lọ bí ẹni pé kò sí nǹkan. Mo ti rí ẹgbẹ́ ńlá kan tó ku ènìyàn mẹ́ta lọ́nà yìí, tí ọmọ tó kọ ọ́ ń wá fáìlì tó sọnù kiri. Nọ́ńbà ẹgbẹ́ yẹn náà ni kí ẹ fi tì í lẹ́yìn:

Comparator.comparing(OmoEgbe::odunIbi).thenComparing(OmoEgbe::nomba)