Bí Mo Ṣe Kó Dúkìá Kánsù Wa Sínú Fóònù

Nígbà tí wọ́n gbé mi lọ sí ẹ̀ka akápò ní kánsù wa, ohun tí mo bá nínú ìwé lẹ́jà ni pé: "Kàǹga ẹ̀rọ kan, lẹ́yìn ọjà." Ọjà wo? Mẹ́rin la ní. Ọdún wo ni wọ́n gbẹ́ ẹ? Ṣé omi ṣì ń jáde níbẹ̀? Ìwé kò sọ. Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí gan-an. Àfikún kẹrin (Fourth Schedule) nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999 ló kó ọjà, gáréèjì, itẹ́ òkú, odò ẹran àti iná ojú títì lé ìjọba ìbílẹ̀ lọ́wọ́. Báwo la ṣe fẹ́ tọ́jú ohun tí a kò mọ ibi tó wà?

Mo pinnu láti kọ gbogbo dúkìá kánsù sílẹ̀ lákọ̀tun. KoboToolbox, ètò kan tí a fi ń ṣe fọ́ọ̀mù ìbéèrè tí a ó máa dáhùn lórí fóònù, ni mo fi ṣe é. A kò san kọ́bọ̀ lé e lórí, àpù rẹ̀ tó wà fún fóònù sì ń ṣiṣẹ́ níbi tí kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Tí a bá padà dé ọ́fíìsì, gbogbo ohun tí a ti kọ á gba orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọ inú àkọsílẹ̀ wa.

Ìbéèrè 31 ni mo kọ́kọ́ kó sínú fọ́ọ̀mù. Kó tó di ọ̀sán ọjọ́ kìíní ó ti sú àwa tí à ń kọ ọ́, mo bá gé e sí 9. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ipò tí nǹkan wà o. Ẹnì kan á kọ "ó dára", ẹlòmíràn á kọ "kò burú", ẹ̀rọ ò ní mọ̀ pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Mẹ́ta péré ni mo fún wọn láti mú: ó ń ṣiṣẹ́, ó bàjẹ́ ṣùgbọ́n ó ṣeé tún ṣe, ó ti kú pátápátá.

Níbi ká fi fóònù mú ojú ibi tí nǹkan wà lórí máàpù ni ìyà ti jẹ mí jù. Abẹ́ páànù ìsọ̀ ni mo dúró sí. Nígbà tí mo ṣí máàpù lálẹ́, ìsọ̀ aláta mẹ́ta ti bọ́ sí àárín odò! Páànù kì í jẹ́ kí fóònù rí sátẹ́láìtì dáadáa. Ní ọjọ́ kejì mo bọ́ sí gbangba, mo sì dúró títí àṣìṣe tí fóònù ń fi hàn fi wálẹ̀ sí mítà 5.

Ọ̀rọ̀ kàǹga yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Mo tọ bàbá kan lọ, wolé-wolé tó ti fẹ̀yìn tì.

"Ọjà àtijọ́ ni wọ́n ń wí, ọmọ mi," ni wọ́n sọ. "Kí ọjà tó ṣí lọ sí ẹ̀bá títì."

Wọ́n mú àdá, wọ́n ṣíwájú mi gba ẹ̀yìn ilé-ẹ̀kọ́. A ṣán koríko títí irin kan tó ti dípẹtà fi yọjú. Mo fi àkísà tútù nu sìmẹ́ńtì ìdí rẹ̀, ni mo bá rí ohun tí ẹnì kan fi igi kọ sí i nígbà tó ṣì rọ̀: 1988. Ìgbà DFRRI nìyẹn, àjọ tí ìjọba Babangida dá sílẹ̀ ní 1986 fún ọ̀nà àti omi ìgbèríko. Bàbá fa ọwọ́ ẹ̀rọ náà sókè-sódò, afẹ́fẹ́ nìkan ló ń mí jáde. "Awọ inú rẹ̀ ló ti jẹ. Omi wà nísàlẹ̀."

Mo ya àwòrán méjì, mo mú "ó ṣeé tún ṣe". Nígbà tí mo dé ìbéèrè tó gbẹ̀yìn, "Ta ló ń mójú tó o?", mi ò rí nǹkan kọ. Lójú tèmi, ìbéèrè yẹn ṣe pàtàkì ju iye owó dúkìá lọ. A tún fún dúkìá kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀. Èyí tí a kọ sórí bébà tí a lẹ̀ mọ́ àwọn nǹkan ìta kò pẹ́ tí òjò fi já a, ọ̀dà la wá fi kọ ọ́. Bébà wà fún tábìlì àti kọ̀ǹpútà.

Mo tẹ máàpù náà, mo fi àwòrán kàǹga yẹn síwájú, mo gbé e fún akápò. Wọ́n buwọ́ lu owó awọ. Lọ́jọ́ tí omi jáde, mo ṣí fọ́ọ̀mù níbẹ̀, mo yí i sí "ó ń ṣiṣẹ́". Ìyá kan tó ń ta ẹ̀kọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ ní kí n kọ orúkọ òun síwájú ìbéèrè tó gbẹ̀yìn. Mo kọ ọ́.