Kọ́pì ẹ́dítọ̀ lórí ìròyìn gígùn: ẹ tètè bá àwọn ripọ́tà jókòó

Tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ wá ṣe kọ́pì ẹ́dítọ̀, ìyẹn ẹni tó ń yẹ ìròyìn wò tó sì ń tún un ṣe kó tó jáde, fún iṣẹ́ ńlá nínú ìwé ìròyìn, irú èyí táwọn ripọ́tà ti ń wádìí ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù tó máa jáde ní apá mẹ́ta mẹ́rin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dúró dìgbà tó bá ku ọ̀la. Tẹ́ ẹ bá rí ìbéèrè tẹ́nì kankan ò dáhùn nígbà tó ṣì ku ọ̀sẹ̀ méjì, ripọ́tà á lè pe èèyàn padà, àmọ́ tó bá ku wákàtí méjì, gígé lẹ máa gé e dànù, ihò á sì wà níbẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ kà á tán láì fọwọ́ kan nǹkan kan. Ọwọ́ á máa yún yín o, àmọ́ ẹ fi kọ́mà sílẹ̀ ná. Ibi tẹ́ ẹ bá ti ní láti padà sẹ́yìn kẹ́ ẹ tó mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀, ẹ sàmì síbẹ̀, torí ibẹ̀ lòǹkàwé á ti ká ìwé ìròyìn kúrò nílẹ̀.

Lẹ́yìn náà ẹ ṣí fáìlì kan, ẹ kọ orúkọ gbogbo èèyàn síbẹ̀ bí wọ́n ṣe ń sípẹ́lì ẹ̀, ipò wọn, ọjọ́ orí, déètì, iye owó, àti ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà. Ká ní apá kìíní sọ pé 1974 ni wọ́n bí obìnrin kan, apá kẹta wá ní ọmọ ọdún 18 ni nígbà tó lọ́kọ ní 1990. Ẹ ṣírò ẹ̀, kò lè ju 16 lọ. Nǹkan kan ò tọ̀nà níbẹ̀, ẹ má sì fúnra yín mú èyí tó wù yín, ẹ bi ripọ́tà, kó fi ibi tó ti rí i hàn yín.

Bẹ́ẹ̀ náà ni fígọ̀: tí nǹkan bá kúrò ní ìdá 4 nínú ọgọ́rùn-ún tó di 6, ìdajì iye tó wà tẹ́lẹ̀ ló fi lé, ìdá 50 nìyẹn, kì í ṣe 2.

Ẹ má pa ohùn ẹni tó kọ ọ́. Gbólóhùn tó gùn tó sì dùn, ẹ fi sílẹ̀.

Ibi tó máa ń já mi láyà jù ni àkọlé àti ọ̀rọ̀ abẹ́ fọ́tò. Nínú ìròyìn gangan, ripọ́tà á ti ṣọ́ra kọ ọ́ pé wọ́n fẹ̀sùn kan ọkùnrin náà ni, àkọlé á wá pè é ní olè nígbà tí ilé ẹjọ́ ò tíì dá a lẹ́bi. Ẹ kà wọ́n bíi pé òǹkàwé ò ní ka nǹkan míì.

Tí wọ́n bá ti tò ó sójú ewé tán, ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí pépà kẹ́ ẹ sì kà á sókè. Torí kó lè gba ààyè, wọ́n lè ti gé ìpínrọ̀ tẹ́ ẹ ti kọ́kọ́ dárúkọ dókítà kan kúrò, tí orúkọ bàbá ẹ̀ nìkan wá yọ lójijì nísàlẹ̀. Ẹ wá a kàn, kẹ́ ẹ dá orúkọ ẹ̀ tó pé àti iṣẹ́ ẹ̀ padà síbẹ̀.